Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá ṣáá lórí àfihàn fíìmù àkànṣe káàkiri Èkó

Ẹ kú ojú lọ́nà o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwa tá à ń ṣe àfihàn fíìmù àkànṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wọlé lójoojúmọ́, ẹnì kan á béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì á ní ṣé òun lè kó àwọn ọmọ òun wá, ẹlòmíì á kàn kọ "èló?" sílẹ̀ láìkí èèyàn, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Mi ò tò ó lẹ́sẹẹsẹ o, bí ìbéèrè ṣe ń wá ni mo ṣe ń dáhùn.

Kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní àfihàn àkànṣe? Ṣé kì í ṣe sinimá náà ni?

Kì í ṣe nǹkan kan náà. Ilé sinimá inú mall, fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ máa rí níbẹ̀, wọ́n á máa fi hàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, tí èrò ò bá wá wọ́n á yọ ọ́ dànù, ó parí. Ti àkànṣe, ẹ̀ẹ̀kan ni, tó bá pọ̀ gan-an ẹ̀ẹ̀mejì, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe é lè má jọ ilé sinimá rárá: hóòlù ilé ìwé, inú ọgbà, gálárì, ilé ìtàwé, viewing centre táwọn èèyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù, kódà àgbàlá ilé ẹlòmíì. Fíìmù ibẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí mall máa gbà, fíìmù àtijọ́ ni, tàbí documentary, tàbí fíìmù kúkúrú táwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ṣe, tàbí ti ilẹ̀ ibòmíì, Senegal, Brazil, India, Iran. Tó bá wá parí, iná á tàn, ẹni tó ṣe fíìmù náà tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ á jókòó síwájú, ẹ̀yin èrò á sì máa da ìbéèrè bò ó. Ká sòótọ́, ìjíròrò yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ wá, àwọn kan ti wo fíìmù náà nílé tipẹ́, àríyànjiyàn ni wọ́n bá wá.

Nǹkan yìí jọ tòyìnbó o, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ Island ló ń ṣe é?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nǹkan yìí ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ní Èkó. Oṣù August ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn han àwọn ará Èkó, Glover Memorial Hall ni wọ́n ti ṣe é, Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ òṣèlú yẹn náà sì lọ́wọ́ sí ètò ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, hóòlù ni, kì í ṣe ilé sinimá, torí kò tíì sí ilé sinimá kankan nígbà yẹn. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, àwọn ló ń fi mọ́tò gbé projẹ́kítọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kiri ìlú àti abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbàgede, ẹnì kan á di máìkì mú, á máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun táwọn èèyàn ń wò. Ìjọba fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ sì gbin kòkó dáadáa, ìyẹn lọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú àwọn fíìmù ọ̀hún, àmọ́ àwọn èèyàn ń wá.

Ibi tó wá kàn wá gan-an ni ti àwọn eléré tíátà wa. Àjàní Ògún jáde ní 1976, Ayé ti Hubert Ògúndé dé ní 1979, àwọn Bàbá Sálà tẹ̀lé wọn. Ilé sinimá ìgboro nígbà yẹn, fíìmù India àti ti kung fu China ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kí làwọn bàbá wa ṣe? Wọ́n gbé fíìmù wọn sínú mọ́tò bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀, ó di hóòlù dé hóòlù, National Theatre lónìí, hóòlù ilé ìwé lọ́la, ọkọ̀ tó ń fi gbohùngbohùn pariwo á sì ti lọ kéde káàkiri kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ yẹn náà la ń ṣe báyìí, WhatsApp ló kàn gbapò mọ́tò oníkéde.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Freedom Park ní Broad Street ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, Macaulay tí mo dárúkọ lókè yẹn àti Awólọ́wọ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ rí, ìgbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni iREP, ìyẹn àjọ̀dún documentary, ti sábà máa ń wáyé nínú oṣù March, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn fíìmù tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí kọjá yín. Mike Adenuga Centre ní Osborne Road, Ìkòyí, ni ilé Alliance Française, àjọ àṣà ilẹ̀ Faransé, Ààrẹ Macron ti ilẹ̀ Faransé ló wá ṣí i ní July 2018, hóòlù ibẹ̀ dáa, ohùn ẹ̀ mọ́. Terra Kulture wà ní Victoria Island, ó ti wà níbẹ̀ láti 2003, eré orí ìtàgé ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ibẹ̀. Goethe-Institut, àjọ àṣà ilẹ̀ Jámánì, náà máa ń fi fíìmù hàn. Nínú November ni AFRIFF (Africa International Film Festival) máa ń dé, àjọ̀dún fíìmù ńlá nìyẹn, àwọn èèyàn á wọ gèlè àti súùtù wá, ẹni tó bá fẹ́ràn kápẹ́ẹ̀tì pupa á gbádùn ẹ̀, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè ti kápẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n àwọn fíìmù kúkúrú tí wọ́n ń kó wá dáa gan-an.

Mainland ńkọ́? Ó wà, àmọ́ kò tó, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Yábà àti àyíká Unilag ní Akọkà ló máa ń gbóná jù torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Súrùlérè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòròdú, Alímọ̀ṣọ́, Badagry, ẹ ò ní rí nǹkan kan àfi tí ẹnì kan ládùúgbò bá gbé e kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Nǹkan ìtìjú ni, torí Mainland yìí gan-an ni ilé sinimá pọ̀ sí láyé àtijọ́. Agége tí ẹ ń gbọ́ Pen Cinema, Pen Cinema lẹ́nu kọ̀ǹdọ́ yẹn, ilé sinimá ni o, orúkọ ló kù níbẹ̀, flyover ló wà níbẹ̀ báyìí. Danjuma náà wà ní Agége, Casino wà ní Yábà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ ṣe tiyín ládùúgbò, màá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nísàlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe òmíì?

Instagram àwọn ibi tí mo dárúkọ yẹn, kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún email wọn. Fíláyà òde òní kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló máa ń jáde, nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta péré.

Èló ni?

Ti àwọn àjọ àṣà ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè mọ iye àga. Ẹ má torí pé ọ̀fẹ́ ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ má yọjú, àga yẹn ẹlòmíì ì bá ti jókòó síbẹ̀. Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fowó ara wọn ṣe é, wọ́n máa ń gbowó, owó yẹn kì í pọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó hóòlù ló ń bá lọ, tó bá sì ṣẹ́kù, ó yẹ kó kan ẹni tó ni fíìmù. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń gbowó ńlá tí wọn ò sì lè sọ fún yín bóyá ẹni tó ni fíìmù mọ̀ sí i, ẹ padà sílé.

Aago mẹ́fà ni wọ́n kọ sí fíláyà. Ṣé aago mẹ́fà gidi ni?

Tó bá jẹ́ inú hóòlù, ẹ dé ní mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ilé òyìnbó yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ìta gbangba, ẹ fi orí yín ṣírò ẹ̀: oòrùn Èkó kì í sábà wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, nínú oṣù June àti July ó máa ń tó nǹkan bí aago méje, ilẹ̀ á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ṣú. Kò sí projẹ́kítọ̀ tó lè bá oòrùn jà. Torí náà "aago mẹ́fà" ti ìta, ẹ gbọ́ ọ sí orin, súyà, kíkíra ẹni, fíìmù di méje ààbọ̀. Wọn ò purọ́ fún yín, wọ́n kàn fẹ́ kẹ́ ẹ tètè jókòó ni.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀, kí n sì padà sílé láìsí wàhálà?

Fún Freedom Park àti gbogbo agbègbè Marina, reluwé Blue Line ló dáa jù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Mile 2, ó ti ń gbé èrò láti September 2023, Marina ló ti ń parí ìrìn, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Broad Street látibẹ̀. Red Line bẹ̀rẹ̀ ní October 2024, ó ń gba Agége, Ìkejà, Oshòdì, Mushin, Yábà, títí dé Oyìngbò, àmọ́ Oyìngbò ló dúró sí, ẹ máa wọ mọ́tò míì lọ sí CMS. Ẹ rántí pé káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, wọn ò ní gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu geeti.

Wàhálà ibẹ̀ ni ìpadàbọ̀. Fíìmù á parí ní mẹ́sàn-án, ìjíròrò á gùn, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ò rí reluwé mọ́, bọ́ọ̀sì ti dín kù. Ẹ wo ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tún béèrè nínú hóòlù, ẹ nawọ́ sókè kẹ́ ẹ ní "ta ló ń lọ Ìyànà Ìpájà o?", èèyàn mẹ́ta á dáhùn, ẹ á sì dá owó ọkọ̀ pọ̀. Àwọn kan ti di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ báyẹn.

Òjò ńkọ́?

Láti April dé July, ẹ má gbọ́kàn lé ti ìta gbangba, September àti October náà kò ṣeé fọkàn tán. November sí March ló dáa, ọyẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń mú kí ojú máa ta èèyàn ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju òjò lọ. Ẹni tó bá ṣètò dáadáa á ti ní hóòlù tó máa sá sí. Ẹ̀fọn lẹ máa múra sílẹ̀ fún, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn.

Ṣé mo lè kó àwọn ọmọ wá?

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí fíìmù náà. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílùú wa, NFVCB, òfin 1993 ló dá wọn sílẹ̀, àwọn ló ń sọ pé fíìmù kan wà fún gbogbo èèyàn, tàbí ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìdínlógún sókè. Tí wọ́n bá kọ 18 sí i, ẹ fi ọmọ sílé, ẹ má bá ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà jà, kì í ṣe òun ló ṣòfin. Fíìmù tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ pè wá kẹ́ ẹ béèrè. Ọmọ ọwọ́? Ẹ gbé e wá tó bá jẹ́ ìta gbangba, ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kẹ́ ẹ lè tètè dìde.

Ṣé èèyàn lè gbé oúnjẹ wọlé?

Ìta, bẹ́ẹ̀ ni. Hóòlù, rárá, àfi omi. Ẹja díndín nínú hóòlù oní-AC, ẹ ṣàánú wa.

Ṣé wọ́n gbà kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ tí fíìmù bá ń lọ?

Ó sinmi lórí fíìmù. Tó bá jẹ́ documentary tàbí fíìmù tí èèyàn ń ka subtitle ẹ̀, ẹ panu mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fíìmù àwọn eléré tíátà wa, èmi ò ní bá yín purọ́, ariwo wà lára ẹ̀. A fi ọ̀kan hàn nínú hóòlù ilé ìwé kan, ibi tí àwọn àgbà méjì ti dojú kọ ara wọn tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, ìyá kan tó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé níwájú ti ń parí gbólóhùn náà kí eléré tó dé ìdí ẹ̀, gbogbo ìlà tó tẹ̀lé e ni ìyá ń dáhùn "àṣẹ" sí, kò pẹ́ ni ìdajì hóòlù bá ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tó jókòó sẹ́yìn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n ń bi ìyá náà ní ìtumọ̀. Ta ló máa wá ní kí ìyá yẹn dákẹ́? Ìpè fóònù ni mi ò fẹ́. Ẹni tó bá gbé fóònù tó ń sọ "mo wà níbi fíìmù, mò ń pè ẹ́ padà" fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìta la máa ní kó lọ.

Ṣé mo lè fi fóònù ká díẹ̀ sílẹ̀ fún status?

Fọ́tò ara yín, ti èrò, ti ìjíròrò, ẹ yà á bó ṣe wù yín, ẹ tag wa. Fíìmù fúnra ẹ̀, rárá, ìṣẹ́jú kan pàápàá rárá. Ẹ má sọ pé kékeré ni. Ohun tó fọ́ Bàbá Sálà nìyẹn, Ọ̀run Móoru tó ná owó ńlá lé lórí ní 1982, àwọn olè jí i, wọ́n rọ ọ́ sórí fídíò, gbogbo Nàìjíríà ń wò ó nílé nígbà tó yẹ kí wọ́n máa wá sí hóòlù, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Èmi kì í fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí ẹ kì í fi fíìmù Yorùbá àtijọ́ hàn dáadáa? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún!

Àwa náà ń sunkún ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe rí, torí àwọn èèyàn rò pé ọ̀lẹ ni wá.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ká fi kámẹ́rà yà á ká gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fíìmù gidi ni, èyí tó ń yí lórí róòlù, 16mm tàbí 35mm. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ fíìmù aláwọ̀ nílé, òkèèrè ni wọ́n ń gbé e lọ, London ló sì pọ̀ jù. Negative ẹ̀, ìyẹn ojúlówó tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà jáde, á wà ní lábù lọ́hùn-ún, ẹ̀dà ìwọ̀nba ló máa padà wálé, ẹ̀dà yẹn náà ni wọ́n á máa gbé láti ìlú dé ìlú nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, nínú ooru, nínú ekuru, gbogbo ìgbà tó bá gba inú projẹ́kítọ̀ kọjá ló ń ha sí i. Àwọ̀ ẹ̀ á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ojú èèyàn á fi pọ́n. Tí ọ̀rinrin bá tún wọnú agolo, fíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, ẹni tó bá ti ṣí irú agolo bẹ́ẹ̀ rí á mọ òórùn fínígà tó ń ta síta, tó ń mú ojú ṣomi. Tó bá ti ń rùn báyẹn, ó ti ń kú lọ nìyẹn.

Ẹni tó ni fíìmù wá kú, àwọn ọmọ ò mọ lábù tó wà, lábù náà lè ti kógbá sílé. Ogún wá di ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n ní òun ló ni ín, àbúrò ní wọn ò pín in. Ẹ̀dà VHS tí ẹnì kan ká sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló máa kù, ìyẹn náà lẹ ń wò lórí YouTube, kò sì ṣeé fi hàn lórí aṣọ ńlá, ojú eléré á fọ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìrètí ò sí. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù, àfi bí wọ́n ṣe rí i ní ilé àkójọ fíìmù ìjọba tó wà ní Jos, àwọn Arsenal ti Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlinale 2018 tó mọ́ rekete. Tí ìyẹn bá lè jáde láti inú agolo, mo gbà pé tiwa kan ṣì wà níbì kan. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn eléré, tí agolo irin pẹlẹbẹ kan bá wà lókè àjà yín, ẹ má jù ú nù, ẹ má ṣí i nínú oòrùn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ láìkọ ìwé o, ojúlówó ni.

Mo fẹ́ ṣe tèmi ládùúgbò wa. Kí ni mo nílò?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, àwọn èèyàn á fara da àwòrán tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbọ́ ohun tí eléré ń sọ, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ háyà sípíkà ńlá méjì pẹ̀lú mixer àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ àwòrán lọ́tùn-ún lósì kí ohùn lè wá láti ibi tí ojú ń wò. Hóòlù ilé ìwé wa sábà máa ń jẹ́ òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, fèrèsé louvre, ohùn á máa gbá ògiri padà sí yín létí. Ẹ lọ yá kọ́tìnnì tó nípọn, ẹ ta á sí ògiri ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì síwájú. Tí èrò bá kún, á tún dáa sí i, ara èèyàn máa ń gba ohùn mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má fi orin dán an, orin máa ń dùn níbi gbogbo, ibi tí èèyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dán an, kí ẹnì kan jókòó ní ìlà ìkẹyìn pátápátá kó sọ ohun tó gbọ́.

Projẹ́kítọ̀: inú hóòlù tó ṣókùnkùn, 3,000 lumens (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀) tó. Ìta, ẹ wá 5,000 sókè. ANSI lumens, ìyẹn èyí tí wọ́n wọ̀n bó ṣe yẹ, ni kẹ́ ẹ béèrè o, torí àwọn kékeré tí wọ́n ń tà tí wọ́n kọ 9,000 sí ara páálí ẹ̀, irọ́ gbuu. Aṣọ àwòrán, aṣọ funfun tó nípọn tí ò ní ojú rírán láàárín, ẹ fà á le dáadáa, ẹ fi aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀ kí iná má baà gba inú ẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ìta, ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ irin tó dúró dáadáa, atẹ́gùn ò mọ ẹni tó ni fíìmù.

Nẹ́pà, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ wọn. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kódà tí iná bá wà, torí ìgbà tí wọ́n bá mú un lójijì láàárín fíìmù lẹ máa pàdánù èrò. Ẹ gbé e jìnnà, kó wà níbi tí èéfín ò ti ní bá àwọn èèyàn, ẹ lo wáyà tó nípọn, ẹ kún epo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da epo sínú ẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gba iná dúró díẹ̀, sáàárín jẹnẹrétọ̀ àti projẹ́kítọ̀, projẹ́kítọ̀ tó ń lo gílóòbù máa ń fẹ́ kí fáànù ẹ̀ yí díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á, tí iná bá lọ gbì, gílóòbù lè jó, gílóòbù ọ̀hún sì wọ́n.

Nǹkan kékeré kan tó ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn lálejò: fíìmù tó bá ju 4GB lọ kò ní wọ flash tí wọ́n format sí FAT32, ẹ format ẹ̀ sí exFAT. Ẹ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe lórí láptọ́ọ̀pù míì. Subtitle lè wà nílé kó má wà níbẹ̀.

Ṣé mo máa gbàṣẹ?

Ẹ máa gbà á. Àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù, kó wà nínú ìwé tàbí email, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fi hàn, ẹ̀ẹ̀melòó, bóyá ẹ máa gbowó. Pé fíìmù wà lórí YouTube tàbí Netflix kò sọ pé ẹ lè fi han gbogbo àdúgbò. Ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń fèsì, inú wọn máa ń dùn, àwọn kan ò ní gbowó kankan tó bá jẹ́ ti iléèwé, kí wọ́n ṣáà ti mọ̀ sí i. Ẹ tún rí i pé NFVCB ti fọwọ́ sí fíìmù náà.

Tó bá jẹ́ ojú pópó, ẹ lọ bá àwọn landlord association, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ sọ fún DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò. Ariwo, LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àyíká, ló ń mójú tó o, ẹ má jẹ́ kí sípíkà kọjú sí ilé aláìsàn tàbí ti ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ sì parí kó tó di mẹ́wàá. Àwọn ọmọ àdúgbò á wá béèrè tiwọn, ẹ tètè gbéṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, tito àga, ṣíṣọ́ mọ́tò, kẹ́ ẹ sanwó iṣẹ́ fún wọn, ìyẹn rọrùn ju kẹ́ ẹ máa bá wọn jà láago mẹ́jọ alẹ́.

Ta ló máa darí ìjíròrò?

Ẹni tó lè gba máìkì lọ́wọ́ èèyàn láìsí ìjà. Ó parí síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni tó máa dìde tó máa ní "mi ò ní ìbéèrè, mo kàn fẹ́ fi kún un", ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ nìyẹn. Ẹ máa gba ìbéèrè láti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó gba ti iwájú, ẹ jẹ́ kí èèyàn sọ èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, pidgin.

Mo ṣe fíìmù kúkúrú, ṣé ẹ lè fi hàn?

Ẹ fi link ránṣẹ́, kì í ṣe fíìmù fúnra ẹ̀ lórí WhatsApp, WhatsApp á fún un pọ̀ títí á fi bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sísàlẹ̀ ló rọrùn jù láti rí àyè fún. Tí orin olórin kan bá wà nínú ẹ̀, ẹ sọ bóyá ẹ gbàṣẹ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tá a máa bi yín nìyẹn. A máa ń wo gbogbo ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ ká tó fèsì, ẹ má pè wá láago méjìlá òru.

Ìyá mi ti dàgbà, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ṣé kí n mú wọn wá?

Ẹ mú wọn wá, ṣùgbọ́n ẹ pe ibẹ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ilẹ̀ ni hóòlù wà, ibo ni ilé ìtura wà, ṣé mọ́tò lè dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn hóòlù kan, òkè kejì ni, líìfítì wọn á sì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Tó bá jẹ́ àfihàn tiwa, ẹ kàn kọ "àga ìyá" sínú fọ́ọ̀mù, a máa ń fi àga alápá sílẹ̀ ní ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìlà àkọ́kọ́ máa ń fa ọrùn yọ. Ẹ bá wọn mú aṣọ ìborùn dání, AC ibẹ̀ kì í ṣàánú àgbà.